Ìmọ́tótó àti ìtọ́jú awọ ara abo ẹṣin

Ọ̀pọ̀ àìsàn awọ tó ń bá abo ẹṣin fínra lágbègbè wa, láti Ìlọrin dé Ìjẹ̀bú-Òde àti Èkó, kì í ṣe àìwẹ̀ ló ń fà á. Omi tí a dà sí i lára tí a kò jẹ́ kó gbẹ ni, pẹ̀lú ọṣẹ tó le jù àti búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo tí gbogbo ẹṣin inú ilé ń pín lò. Awọ ẹṣin ní ọ̀rá tirẹ̀ tó ń dáàbò bò ó. Bí ọṣẹ bá ń bọ́ ọ̀rá yẹn lójoojúmọ́, ọ̀rinrin á ráyè wọlé, àrùn á sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí fífi ojú àti ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fi gba iwájú, tí jíjẹ́ kó gbẹ tẹ̀ lé e, tí ọṣẹ sì kẹ́yìn.

Abo ẹṣin ní ibi méjì tí wọn kì í sábà tọ́jú dáadáa: àárín ọmú rẹ̀ méjèèjì, àti ojú ara rẹ̀ tó wà lábẹ́ ihò ìdí gan-an, tí ìgbẹ́ ń gbà lórí rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ la ó ti pẹ́ díẹ̀.

Ohun èlò

Kí abo ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i: búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà tó ní eyín kúkúrú, búrọ́ọ̀ṣì onírun líle kan àti onírun rírọ̀ kan, irin tí a fi ń gbá pátákò, fóòmù méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ (ọ̀kan fún ojú àti imú, èkejì fún ọmú), àti tówẹ̀lì mẹ́ta. Ẹ tún ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a ń lò jù nù, òwú, àti bókẹ́ẹ̀tì lítà 10 méjì. Kànìnkànìn ìbílẹ̀ dára fún ẹsẹ̀ tó ti di ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dé ọmú tàbí abẹ́ ìrù.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fọ àwọn búrọ́ọ̀ṣì náà pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ wá rẹ wọ́n fún ìṣẹ́jú 10 sínú omi tí ẹ fi Jik sí, ìwọ̀n Jik kan sí ìwọ̀n omi mẹ́wàá. Ẹ ṣàn wọ́n, kí ẹ sá wọn sóòrùn, kí irun wọn dojú kọlẹ̀, kí omi má baà dúró sínú igi búrọ́ọ̀ṣì.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́

Ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn lápá òsì, kí ẹ máa yí búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà kiri lórí ọrùn, èjìká, ẹ̀yìn àti ìbàdí, níbi tí ẹran ti pọ̀. Rọ́bà yìí kò gbọ́dọ̀ kan ojú, ìsàlẹ̀ orúnkún, ikùn tàbí ọmú, nítorí pé egungun àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbá eruku tó ti jáde kúrò, kí ẹ fi rírọ̀ parí rẹ̀.

Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kan ẹṣin tí ẹrẹ̀ tútù bò. Yanrìn inú ẹrẹ̀ yóò máa ha awọ rẹ̀, ojú ọgbẹ́ kéékèèké sì ni àrùn ń gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná.

Ọwọ́ lásán ló kàn. Ẹ fi í gba àárín ẹsẹ̀ iwájú, ibi tí okùn gàárì ń mú, abẹ́ ikùn, inú itan, ìdí etí àti ìdí ìrù. Ohun tí ọwọ́ ń wá ni èépá, ibi tó gbóná, ibi tí irun ti re, eégbọn, àti kókó. Ojú lè máà rí èépá lábẹ́ irun, ọwọ́ kì í sì í ṣì í mọ̀. Bí ẹ bá parí, ẹ gbá pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti gìgísẹ̀ wá síwájú. Omi dúdú tó ń rùn nínú kòtò pátákò fi hàn pé ilẹ̀ tó ń dúró sí tutù jù. Ẹ tún ilẹ̀ náà ṣe kí ẹ tó ra oògùn.

Wíwẹ̀

Lẹ́yìn eré tàbí iṣẹ́, omi lásán ni. Òógùn ẹṣin ní iyọ̀ púpọ̀, bí ó bá gbẹ sórí awọ lábẹ́ gàárì, yóò máa yún un. Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná, ẹ da omi tútù lé e láìdáwọ́dúró títí èémí rẹ̀ yóò fi balẹ̀, ẹ má kàn dà á lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lọ. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn kan pé omi tútù yóò sọ ẹṣin tí ara rẹ̀ ń gbóná di arọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọṣẹ kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọṣẹ ọmọdé olómi tí kò lóòórùn dídùn dára: ṣíbí ìjẹun kan nínú lítà 5. Àkókò tí ẹ ó fi ṣàn án gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí ẹ fi wẹ̀ ẹ́, nítorí ọṣẹ tó kù sínú irun ló ń di ìyúnra lọ́jọ́ kejì. Ẹ fa omi kúrò lára rẹ̀, kí ẹ fi tówẹ̀lì nu abẹ́ ikùn, inú itan àti ẹ̀yìn gìgísẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ kì í tètè dé ibẹ̀. Àárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló dára jù fún un. Bí ẹ bá wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, yóò wọ òru pẹ̀lú ara tútù, kantíkantí yóò sì bá a bẹ́ẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, ẹ dín ọṣẹ kù pátápátá. Búrọ́ọ̀ṣì ni ẹ fi kún, kó lè fa ọ̀rá ara rẹ̀ yíká.

Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá lọ sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá mọ bí aṣọ ọ̀ṣọ́ àti gàárì ṣe ń bò ó fún wákàtí púpọ̀ nínú oòrùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ẹ tú gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi omi ṣan ẹ̀yìn, èjìká àti ibi okùn ìgbátí rẹ̀. Ẹ wo gegele èjìká rẹ̀ dáadáa. Ibi tí irun bá ti re tàbí tó wú kò gbọ́dọ̀ ru gàárì títí yóò fi sàn. Aṣọ abẹ́ gàárì tó ti mu òógùn, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má kàn sá a.

Àárín ọmú

Ọmú méjì ni abo ẹṣin ní, awọ sì ṣẹ́po láàárín wọn. Òógùn, ọ̀rá àti awọ tó kú máa ń kóra jọ síbẹ̀, wọ́n á sì di èérí dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà. Èérí yìí ń yún un, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò lè dé ibẹ̀. Ìrù tàbí ìdí ló máa fi ha ògiri, olówó rẹ̀ á rò pé aràn ni, á sì máa ra oògùn aràn.

1. Ẹ gé èékánná, ẹ bọ́ òrùka, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Kí ẹnìkan di okùn ẹṣin mú, kó sì dúró sí apá kan náà pẹ̀lú yín, kó lè fa orí ẹṣin sọ́dọ̀ ara rẹ̀ bí ó bá fẹ́ ta ìpá. Ẹ má so ó mọ́ òpó. Èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn níbẹ̀ rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọjọ́ mélòó kan tí ẹ kàn fi ń fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ títí dé ibi ọmú láìfọ ohunkóhun.

2. Ẹ dúró sápá òsì rẹ̀, kí ẹ kọjú sí ìrù, kí ara yín fara kan ìhà rẹ̀. Ọwọ́ òsì yín wà lórí ìbàdí rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó fi ọwọ́ òsì mọ̀ ọ́n kó tó gbé ẹsẹ̀. Bí ó bá da etí sẹ́yìn, ẹ dúró jẹ́, ẹ má já ọwọ́ gbà. Ẹ tẹ̀ síwájú nígbà tó bá fara balẹ̀.

3. Lítà 2 omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tó, ẹ fi ọrùn ọwọ́ yín dán an wò. Ẹ fi tówẹ̀lì tútù sí àárín ọmú fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kí èérí lè rọ̀. Bí ó bá ti le, ẹ fi ṣíbí kékeré kan òróró àgbọn pa á, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú 10.

4. Ẹ ti ìka méjì bọ àárín ọmú láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ máa yí èérí náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi èékánná họ ọ́. Èyí tí kò bá jáde lónìí, yóò jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

5. Ẹ fi ọṣẹ ọmọdé díẹ̀ sínú omi tuntun, ẹ fi fóòmù nu ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ṣàn án títí ọwọ́ yín kò fi ní yọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ fi tówẹ̀lì gbígbẹ tẹ omi náà gbẹ. Kò sí páúdà níbẹ̀ o, ńṣe ló máa di kókó pẹ̀lú òógùn.

Lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ti tó. Ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ yóò bó awọ ibẹ̀. Ọṣẹ dúdú, bó ti dára tó fún ènìyàn, eérú tó wà nínú rẹ̀ le jù fún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí.

Bí ọmú apá kan bá wú, tó gbóná, tó ń dùn ún bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, tí ohun tó ń jáde níbẹ̀ sì ní kókó tàbí ẹ̀jẹ̀, ẹ dáwọ́ fífọ̀ dúró kí ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí máa ń ṣe abo ẹṣin tí kò tọ́mọ lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Abẹ́ ìrù

Ìta nìkan ni iṣẹ́ yín. Ẹ fi báńdéèjì di òkè ìrù rẹ̀ láìfún un jù, ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá parí, ẹ tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ẹ má dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ẹ rẹ òwú sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ nu ète ojú ara láti òkè wá sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà awọ tó yí i ká, kí ẹ wá fi ihò ìdí parí. Òwú kan, ìnù kan: èyí tó ti kan ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà sínú bókẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi òwú gbígbẹ nù ún gbẹ.

Ẹ má ti ọwọ́ tàbí omi bọ inú rẹ̀. Dettol, Izal, omi iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà lára rẹ̀ tí kì í ṣe é ní nǹkan, tí wọ́n sì ń gba ààyè mọ́ àwọn burúkú lọ́wọ́. Bí oògùn apakòkòrò bá pa wọ́n, àwọn burúkú ni yóò wá gbilẹ̀.

Láàárín ọjọ́ 21 tí ìyípo rẹ̀ ń gbà, ó máa ń wá akọ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Nígbà náà, yóò máa tọ̀ léraléra, ìtọ̀ á sì máa ṣàn sínú itan rẹ̀. Ẹ fi omi ṣàn án lójúmọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi òrí tàbí ìpara zinc oxide fẹ́lẹ́ pa á kí ìtọ̀ má baà bó o. Omi fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara lójú ara nígbà yìí kò ní wàhálà. Èyí tó bá funfun, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó ń rùn, dókítà ló gbọ́dọ̀ gbé e lọ yẹ̀ wò kí akọ tó gùn ún.

Ohun kan tún wà tí omi kò lè tún ṣe. Ojú ara tó dára máa ń dúró gbọọrọ, ète rẹ̀ á sì pa dé. Lára abo ẹṣin tó ti dàgbà tàbí tó rù, ihò ìdí máa ń wọlé, ojú ara á wá dẹ̀gbẹ̀, ìgbẹ́ á sì máa já sórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti ìgbẹ́ á máa wọnú rẹ̀, oyún kò sì ní í dúró. Bí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, bákan náà ni. Dókítà ní láti rán òkè rẹ̀, kó sì tú u kó tó bímọ. Ẹ fún èyí tó rù ní oúnjẹ pẹ̀lú.

Bí abo ẹṣin yín bá jẹ́ aláwọ̀ eérú tàbí èyí tó ń funfun sí i bó ṣe ń dàgbà, ẹ máa fọwọ́ wá kókó dúdú líle lábẹ́ ìrù àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí lóṣooṣù. Ó wọ́pọ̀ gan-an lára wọn. Ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ rí i sílẹ̀, kí dókítà lè mọ̀ bí ó bá ń dàgbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ tú u.

Bí ó bá ń fi ìdí ha ògiri

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí, ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé. Àkọ́kọ́, àárín ọmú, torí òun ló rọrùn jù láti yanjú. Èkejì, ihò ìdí: bí ẹ bá rí ohun tó gbẹ, tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀ níbẹ̀, ẹyin aràn kan ni. Ẹ fi sẹ́lótéèpù tẹ ibẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó nù ún, kí ẹ gbé e fún dókítà. Ẹ fi òwú tútù nu ibẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sun òwú náà. Ẹ̀kẹta, ìdí irun ọrùn àti ìdí ìrù: bí méjèèjì bá ń yún un, tí irun ń já, kantíkantí ló ń jẹ ẹ́. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni kòkòrò yìí ń jáde, ẹ mú un wọlé láwọn àkókò yẹn, kí ẹ tan fáànù bí iná bá wà. Èéfín ń lé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ilé tó há, èéfín náà yóò ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

Ìgbà òjò

Àìsàn méjì ló ń jọra. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí kòkòrò àìfojúrí Dermatophilus congolensis ń fà, òun náà ló ń ṣe màlúù. Ẹ̀yìn àti ìbàdí, níbi tí òjò ń pa, ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Irun á so pọ̀ ní ṣùùṣùù. Bí ẹ bá fa ọ̀kan, èépá á bá a jáde, abẹ́ rẹ̀ á pọ́n tàbí kó ní ọyún. Ẹ mú un kúrò nínú òjò. Ẹ fi chlorhexidine (oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ awọ) ìdá 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún fọ ibẹ̀, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí irun tuntun yóò fi yọ. Èépá tó bá ti rọ̀ nìkan ni kí ẹ mú kúrò, kí ẹ sì sun ún. Ẹ má fi àdí tàbí gíríìsì bò ó, ẹ ó kàn sé ọ̀rinrin mọ́ abẹ́ rẹ̀ ni.

Èkejì ni làpálàpá. Òun máa ń re irun ní róbótó, pàápàá níbi tí okùn gàárì ń mú àti lójú, ó sì ń ran ènìyàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ya ẹṣin náà sọ́tọ̀, ẹ má gùn ún, kí ẹ béèrè oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dókítà. Gàárì, aṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ náà máa ń tàn án kálẹ̀.

Eégbọn àti oògùn tó lè pa ẹṣin

Etí, ìdí irun ọrùn, inú itan, ọmú àti abẹ́ ìrù ni kí ẹ ti wá eégbọn. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó ti wọ awọ, kí ẹ fà á jáde tààrà, kí ẹ jù ú sínú sípíríìtì. Ẹ má fi ìka fọ́ ọ. Ibà tí eégbọn ń kó ran ẹṣin máa ń mú kí erìgì rẹ̀ funfun tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ìgbóná ara ẹṣin tó ń sinmi máa ń wà láàárín 37.5 sí 38.5 ní ìwọ̀n Celsius. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ nínú ibòji, ẹ pe dókítà.

Amitraz, oògùn eégbọn tí wọ́n ń tà fún màlúù àti ajá, kò gbọ́dọ̀ kan ẹṣin. Ó lè mú kí ìfun rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, inú rírun tó tẹ̀ lé e sì lè pa á. Ẹ ka àkọlé ara ìgò kí ẹ tó pò ó. Permethrin tí wọ́n ṣe fún ẹṣin ni kí ẹ béèrè. Ẹ má sì gba kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ivermectin (oògùn aràn) ti màlúù gún un, ojú abẹ́rẹ́ náà lè wú kó sì jẹrà. Èyí tí a ń fi sí i lẹ́nu ni tirẹ̀: mílígíráàmù 0.2 fún kílò kan, tí í ṣe mílígíráàmù 70 fún ẹṣin kílò 350. Kẹrosíìnì, dísẹ́ẹ̀lì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti dúdú ń jó awọ, ẹṣin á sì tún fi ẹnu lá wọn.

Aboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí

Oyún ẹṣin ń gba nǹkan bí ọjọ́ 340. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó bí, ẹ máa wo ọmú láìfọ̀ ọ́ púpọ̀. Kó wú lápá méjèèjì, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bó bá ku ọjọ́ díẹ̀ kó bí, ohun kan tó pọ́n bí ìda máa ń yọ lórí ọmú. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má nù ún. Bí wàrà bá wá ń ṣàn ṣáájú ìbí, ẹ sọ fún dókítà, nítorí wàrà àkọ́kọ́ tó yẹ kó dáàbò bo ọmọ ló ń ṣòfò yẹn.

Bí ìrọbí bá ti sún mọ́, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ọmọdé fọ ọmú, inú itan, ikùn àti abẹ́ ìrù, kí ẹ ṣàn án dáadáa. Ọmọ ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kì í mọ ibi tí ọmú wà. Gbogbo ibi tí ẹnu rẹ̀ bá kàn ló ń lá. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò kankan sílẹ̀ lórí ọmú.

Lẹ́yìn ìbí, bí ibi ọmọ bá rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ fi okùn ká a sókè kó má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má fà á, ẹ má gé e. Bí wákàtí 3 bá kọjá tí kò já, ọ̀ràn pàjáwìrì ni, kódà bó bá jẹ́ òru. Ẹ̀jẹ̀ àti omi tó ń jáde lọ́jọ́ mélòó kan tó tẹ̀ lé e, ẹ máa fi omi lásán ṣàn án kúrò ní itan àti ìrù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí eṣinṣin má baà kó jọ síbẹ̀. Bí ó bá ń rùn, tàbí tí abo ẹṣin náà kò jẹun mọ́, ẹ wọn ìgbóná ara rẹ̀ kí ẹ pe dókítà.